Agogo Òjò Méjìdínláàádọ́ta

Ní ìparí àwọn ọdún 1970, wọ́n san owó bàálù fún mi láti Jọ́ọ̀sì lọ sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù kí n lọ máa wòran. Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn tí mo bá fẹ́ kí inú àwọn ẹgbẹ́ mi bàjẹ́ díẹ̀. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé iṣẹ́ ni wọ́n rán mi. Èmi ni mo fi ìran wíwò kún un, mi ò sì tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àpótí ni mo ń tà nígbà náà, ní ìsọ̀ kan ní Àpáta, kò jìnnà sí ọjà Terminus. Ọ̀gá mi, obìnrin ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Hajiya, ló ni ìsọ̀ náà. Gbogbo ohun tí arìnrìn-àjò ń lò la ń tà: àpótí, báàgì, agbòjò, fúláàsì tí omi kì í tutù nínú rẹ̀. Àwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà, àwọn tó ń lọ kàwé, àwọn òṣìṣẹ́ ibi ìwakùsà tó ń lọ lo ìsinmi, ọ̀dọ̀ wa ni gbogbo wọn ń yà sí.

Inú ìwé àwòrán ni Hajiya ti máa ń yan ọjà. A ó kọ lẹ́tà, ọjà yóò dé. Lọ́dún tó ṣáájú ìrìn àjò mi, a ra tọ́ọ̀ṣì kan tí wọ́n ní kò nílò bátìrì, pé kéèyàn kàn máa fún un lọ́wọ́, iná yóò tàn. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n ti ń dá a padà fún wa. Ẹnì kan tilẹ̀ sọ pé ọwọ́ òun ló wú, tọ́ọ̀ṣì kò tàn. Ọjọ́ yẹn ni Hajiya búra.

"Wallahi, mi ò tún ní ta nǹkan tí ẹnì kan nínú wa kò tíì fọwọ́ ara rẹ̀ lò rí. Ìwọ yìí, o kàwé, ẹnu rẹ kì í sì í dákẹ́. Ìwọ ni wàá lọ."

Ó kọ nǹkan mẹ́rin sínú ìwé fún mi: àpótí tó ní táyà, agogo kékeré tó ń jí èèyàn lójú oorun, agbòjò tó ń ká wọ inú báàgì, àti irin oníná tí wọ́n ń tì bọ inú ife kí omi lè hó. Kí n ra ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí n lò wọ́n fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí n wá sọ èyí tó dára fún un.

"Ìkarùn-ún, ojú ara rẹ ni kó o fi yàn án," ló wí. "Ra dọ́sìnnì mẹ́rin. Ìdánwò rẹ nìyẹn. Tó bá tà, ìwọ ni wàá mú kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ tuntun tí mo fẹ́ ṣí ní Tudun Wada. Tí kò bá tà, to, àkísà tó o fi ń nu àpótí ṣì wà níbi tó o fi í sí."

Ọdún mẹ́fà ni mo ti fi àkísà yẹn nu eruku. Ẹni tó bá mọ eruku Jọ́ọ̀sì nígbà ọyẹ́ á mọ ohun tí mò ń sọ. Mo fẹ́ kọ́kọ́rọ́ yẹn débi pé mo ti ń yan ibi tí màá gbé àga mi sí nínú ìsọ̀ tí wọn kò tíì kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ bàbá mi ni mò ń gbé, ní Tudun Wada kan náà. Awakọ̀ rélùwéè ni, ó ti fẹ̀yìn tì. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ló ti wá ṣiṣẹ́ ní Jọ́ọ̀sì kí wọ́n tó bí mi, àmọ́ tó bá sọ pé "ilé," kì í ṣe ilé tí à ń gbé ló ní lọ́kàn. Àpótí kan wà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀ tó ti di ẹrù sí de ọjọ́ tó máa lọ sílé. Lọ́dọọdún ló máa ń kó aṣọ inú rẹ̀ síta sá sóòrùn, á sì tún tò ó padà. "Àjò ò lè dùn kónílé má relé," ni yóò máa wí bó ṣe ń tò ó. Èmi, Jọ́ọ̀sì ni wọ́n bí mi sí, Hausa mi sì já gaara ju Yorùbá mi lọ. Tí a bá lọ kí àwọn ìbátan wa lọ́hùn-ún, "Àwọn ará Òkè Ọya ti dé" ni wọ́n fi ń pàdé wa, àfi bíi pé a kò lórúkọ.

Lọ́ńdọ́ọ̀nù! Ẹsẹ̀ mi kò kan ilẹ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ méjì. Mo wọ bọ́ọ̀sì alájà méjì, òkè pátápátá ni mo jókòó sí, níwájú, mo sì ń fi ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì fún dírẹ́bà tí kò rí mi. Gbogbo nǹkan ló wù mí í wò. Gbogbo ibi tí mo bá sì lọ wò, ẹrù Hajiya wà lọ́wọ́ mi.

Àpótí onítáyà ni mo kọ́kọ́ dán wò. Táyà kéékèèké mẹ́rin ló ní, wọ́n so okùn mọ́ ọn kéèyàn máa fà á bí ewúrẹ́. Mo fà á lọ síwájú ààfin ọbabìnrin wọn, níbi tí àwọn sójà onífìlà gíga ti ń yan. Lórí ilẹ̀ dídán, ó ń tẹ̀ lé mi jẹ́jẹ́. Bí a ṣe dé ibi tí wọ́n fi òkúta tẹ́, ó ṣubú. Mo gbé e dìde, ó tún ṣubú. Ewúrẹ́ gbọ́ràn jù ú lọ. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi pé kò lè rin ọ̀nà olókùúta Kabong ní Jọ́ọ̀sì láéláé. Lẹ́yìn náà ni mo jókòó lé e lórí, mo sì wo àwọn sójà yẹn títí wọ́n fi parí. Tó bá jẹ́ àga ni wọ́n ń pè é, kò burú.

Ní ti agogo kékeré yẹn, mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó péye. Mo lọ dúró sábẹ́ agogo ńlá tó wà létí odò wọn, mo yí tèmi bá a mu, mo sì ṣètò rẹ̀ pé kó ké ní aago méjìlá. Àmọ́ mi ò lè dúró sójú kan. Mo bá àwọn èrò wọ ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan lọ wo ibi tí wọ́n sin àwọn ọba sí. Ọkùnrin tó ń ṣàlàyé fún wa ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, gbogbo wa dákẹ́ rọ́rọ́. Ibẹ̀ ni báàgì mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Mo wá a títí, ìsàlẹ̀ gbogbo ẹrù ló wà. Ó ké débi tí ọkùnrin náà fi sọ pé ó ṣeé ṣe kí àwọn ọba wọ̀nyí dìde. Ojú tì mí, àmọ́ mo kọ ọ́ sínú ìwé: "Ó péye. Ó lè jí òkú. Ká rà á."

Ní òtẹ́ẹ̀lì, mo fi irin oníná se ọ̀dùnkún òyìnbó kéékèèké méjì nínú ife. Kò sí ibi tí ọmọ Jọ́ọ̀sì lè dé kó má wá dankali rẹ̀ jẹ. Kíá ló jiná, ó yá ju bó ṣe máa ń jiná nílé lọ. Mo yin irin náà yìn-ìn-yìn nínú ìwé mi.

Ọjọ́ kẹjọ ni mo rí ohun tí mo wá lọ. Ní òpópónà tóóró kan, bàbá òyìnbó arúgbó kan ní ìsọ̀ tó kún fún gíláàsì àti irin dídán. Nǹkan róbótó kan wà lójú fèrèsé rẹ̀ nínú awọ pupa, ó ṣe rẹ́gí nínú àtẹ́lẹwọ́. Ó jọ agogo, àmọ́ abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ló ní. Dípò nọ́ńbà, ọ̀rọ̀ òyìnbó ni wọ́n kọ yí i ká: Ìjì, Òjò, Ó Ń Yí Padà, Ó Dára, Ọ̀gbẹlẹ̀. Bàbá náà ṣàlàyé pé afẹ́fẹ́ ló ń wọ̀n, pé tí afẹ́fẹ́ bá ti fúyẹ́, òjò ń bọ̀ nìyẹn. Mo gbọ́ "òjò ń bọ̀." Mi ò dúró gbọ́ ìyókù.

Mo ra ẹyọ kan, mo sì sọ ọ́ lórúkọ lójú ẹsẹ̀: agogo òjò. Fún ọjọ́ mẹ́rin, òun ni mo kọ́kọ́ ń wò tí mo bá jí. Ó ní Ó Dára, oòrùn yọ. Ó ní Òjò, òjò rọ̀. Lọ́jọ́ kẹrin mo wọ ọkọ̀ ojú omi kí n lọ wo afárá tó ń là sí méjì. Ojú ọ̀run mọ́ kedere, àmọ́ abẹ́rẹ́ mi ti sún sí Òjò, mo sì sọ fún gbogbo ọkọ̀. Obìnrin kan fi mí rẹ́rìn-ín. A kò tíì rí afárá náà dáadáa tí òjò fi dà lé wa lórí. Mo ṣí agbòjò Hajiya, atẹ́gùn yí i padà sókè, ó di igbá. Gbogbo wa la rin gbingbin, àmọ́ èmi nìkan ni mò ń rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀ yẹn. Agbòjò gba òdo. Agogo òjò gbé ipò kìn-ín-ní.

Ta ni kò ní rà á ní Jọ́ọ̀sì? Àgbẹ̀ á rà á, alágbàfọ̀ á rà á, ẹni tó fẹ́ ṣe ìnáwó lójúde á rà á. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo ti wà níwájú bàbá arúgbó yẹn.

"Dọ́sìnnì mẹ́rin ni mo fẹ́, sà."

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Ṣé orí òkè ni ìlú yín wà?"

Kí n má purọ́, inú bí mi. Mo rò pé ohun tó ń bi mí ni pé ṣé inú ihò àpáta la ti ń jáde wá. Mo na ọrùn mi dáadáa.

"Rárá, sà. Ilẹ̀ tó tẹ́jú ni ìlú wa. Òkè wà lọ́ọ̀ọ́kán, à ń rí wọn láti ẹnu ọ̀nà wa, àmọ́ àwa kì í gbé ibẹ̀."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Rélùwéè ń dé ìlú wa, sà. Bàbá mi gan-an ló ń wà á. Ṣé rélùwéè máa ń gun òkè ni?"

Ó gbé èjìká sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dì wọ́n fún mi. Bí mo ṣe jáde níbẹ̀, orí mi wú. Kọ́kọ́rọ́ ti wà lápò mi.

Ọyẹ́ ti dé nígbà tí mo padà sí Jọ́ọ̀sì, ètè gbogbo èèyàn ti ń bẹ́. "Sannu da zuwa, káàbọ̀, ọmọ mi! Kó wọn jáde, ká rí wọn!" Hajiya kò tilẹ̀ jẹ́ kí n jókòó. Ó fẹ́ràn agogo tó ń ké. Ó fi àpótí onítáyà rẹ́rìn-ín. Èmi wá rọra gbé páálí agogo òjò sórí tábìlì bí ẹni gbé ọmọ tuntun, mo ṣí awọ pupa àkọ́kọ́.

Abẹ́rẹ́ náà kò sí ní Ọ̀gbẹlẹ̀. Kò sí ní Ó Dára. Ó ti kọjá Òjò, ó ti kọjá Ìjì, ó lọ dúró sí ibi tí wọn kò kọ nǹkan kan sí rárá. Mo gbọ̀n ọ́n, kò mira. Mo ṣí òmíràn. Mo ṣí òmíràn sí i. Méjìdínláàádọ́ta ni wọ́n, ojú kan náà ni gbogbo wọn kọ sí. Hajiya yọjú síta, ó wo ojú ọ̀run tó gbẹ táútáú, ó wò mí.

"Ìjì dà?"

Ẹnu mi tí kì í dákẹ́, ó dákẹ́. Hajiya kò bú mi. Ó kàn mú àkísà yẹn, ó gbọ̀n ọ́n, ó gbé e síwájú mi. Ó ní òun fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan kí n fi wá nǹkan ṣe sí i, pé lẹ́yìn ìyẹn òun á wá ẹlòmíì fún Tudun Wada.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, gbogbo Terminus ti gbọ́. "Kú ìjì o!" ni wọ́n fi ń kí mi. Ẹlẹ́ran tó wà níwájú ìsọ̀ wa á pariwo láti òdìkejì títì: "Hajiya, ẹ kó aṣọ wọlé o, ìjì ń bọ̀!" Ọjọ́ kẹta ni mo sunkún, sẹ́yìn àpótí, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí mi.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo mú ọ̀kan lọ sílé fún bàbá mi. Ó gbé awò rẹ̀ sójú, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Kí ni òyìnbó tó tà á fún ọ sọ?"

"Ó ní afẹ́fẹ́ ló ń wọ̀n, sà. Ó bi mí bóyá orí òkè là ń gbé."

"Kí lo sọ?"

"Mo ní ilẹ̀ tó tẹ́jú ni. Mo ní ṣé rélùwéè máa ń gun òkè ni?"

Bàbá mi ṣí fìlà kúrò lórí. "Àdúgbò wo lò ń gbé?"

"Tudun Wada, sà."

"Kí ni wọ́n ń pè ní tudu ní Hausa tó o gbọ́ jù mí lọ?"

"Òkè ni, sà."

"Níbo lo ti ń ṣiṣẹ́?"

"Àpáta."

"Ará ibo ni àwọn ẹbí wa ń pè ọ́?"

"Òkè Ọya." Ohùn mi ti lọ sílẹ̀.

"O wá sọ fún òyìnbó pé o kì í gbé òkè!" Ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. "Ṣé rélùwéè máa ń gun òkè? Ìwọ yìí! Láti Kafanchan nísàlẹ̀ ni a ti ń kó èédú sí injínnì lẹ́nu láìsinmi, tí yóò máa mí helehele títí a ó fi dé Jọ́ọ̀sì. Bí ilẹ̀ bá ṣe ń ga sí i ni afẹ́fẹ́ ń fúyẹ́ sí i, òun ló fi fúyẹ́ níbí. Kí lo rò pé ó ń mú kí màmá rẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, máa ráhùn pé ẹ̀wà kì í tètè jiná ní Jọ́ọ̀sì? Nǹkan yìí kò purọ́. Ìwọ lo purọ́ fún un."

Mo rántí ọ̀dùnkún tó jiná kíákíá ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, tí mo ń yin irin. Gbogbo wa tí wọ́n bí síbí, àwọn òkè tó yí wa ká là ń wò. Kò sí ẹni tó sọ fún wa rí pé orí òkè la ti ń wò wọ́n.

Inú mi ti ń dùn kí n tó mọ ìdí rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo sáré bá Hajiya, mo ṣàlàyé fún un pé nǹkan náà ń sọ bí ilẹ̀ ṣe ga tó, pé tí a bá sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Kafanchan, abẹ́rẹ́ rẹ̀ á mira; ẹnu mi ti padà sípò. Ó fetí sílẹ̀ títí mo fi parí.

"To," ló wí. "Ẹnu nìyẹn. Fi hàn mí."

Bí àwa mẹ́ta ṣe wọ rélùwéè lọ sí Kafanchan láàárọ̀ kan nìyẹn, èmi, Hajiya àti bàbá mi. Agogo òjò kan wà lọ́wọ́ Hajiya, kò gbà kí n mú un. Bàbá mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ti gbàgbé pé òun ti fẹ̀yìn tì. "Ibí ni mo ti máa ń fi gbogbo agbára injínnì sí i," á wí. "Ẹ wo ibi yẹn, Hajiya! Ibẹ̀ la ti dúró wákàtí méjì lọ́jọ́ kan, injínnì kọ̀ láti gùn."

Mi ò wo ìta. Abẹ́rẹ́ ni mò ń wò. Fún ìgbà pípẹ́ kò ṣe nǹkan kan. Nígbà tó yá, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, ooru bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, Hajiya ká ìborùn rẹ̀ kúrò léjìká. Ó tún wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Kai!" ló pariwo. "Ó mira! Ó ń bọ̀!"

Àwọn èrò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa dìde wá wò ó. Díẹ̀díẹ̀, abẹ́rẹ́ náà ń padà bọ̀ láti ibi tí wọn kò kọ nǹkan sí. Bí a ṣe dé Kafanchan, ó ti dé ẹsẹ̀ lẹ́tà àkọ́kọ́ Ìjì. Ọkùnrin kan tó jẹ́ tíṣà bi mí iye tí mò ń tà á, pé òun á fi kọ́ àwọn ọmọ òun bí ilẹ̀ ṣe ń ga. Dírẹ́bà tánkà kan ní òun á rà á, kí òun lè mọ ibi tí òkè ti máa bẹ̀rẹ̀ lóru. Mo ń jó níbi tí mo dúró sí.

Hajiya kọjú sí mi ní pèpéle rélùwéè. "Lọ́ńdọ́ọ̀nù lo ti dán an wò," ló wí. "Ta ni nínú àwọn oníbàárà wa ló ń gbé Lọ́ńdọ́ọ̀nù? Má tún ṣe irú rẹ̀ mọ́." Ó tú etí aṣọ rẹ̀, ó yọ kọ́kọ́rọ́ kan, ó fi í sí mi lọ́wọ́. "Pa orúkọ agogo òjò tó o fún un tì. Agogo òkè ni orúkọ rẹ̀." Mo kúnlẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, mi ò bìkítà.

Ọkọ̀ rélùwéè míì dúró ní òdìkejì, èyí tó ń lọ sí Kaduna, níbi téèyàn ti lè wọ ti Ọ̀ṣogbo, kó sì kọjá sí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Hajiya fi bàbá mi ṣẹ̀fẹ̀. "Bàbá, ọkọ̀ ilé yín rèé o. Ẹ ò sì gbé àpótí yín dání!"

Bàbá mi wo ọkọ̀ náà, ó pẹ́ kó tó gbójú kúrò lára rẹ̀. Ó wá na ọwọ́ sí Hajiya, ó gba agogo òkè náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àjò ò lè dùn kónílé má relé," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká wá mọ́tò kí oòrùn tó wọ̀."

Nínú mọ́tò, iwájú ló jókòó sí, ó tẹ́ agogo náà sí àtẹ́lẹwọ́. Mọ́tò ń gun òkè, ń gun òkè, òtútù ń wọlé. Ẹ̀yìn ni mo jókòó sí, kọ́kọ́rọ́ mi lọ́wọ́, mo ń wo abẹ́rẹ́ náà láti òkè èjìká rẹ̀. Ó fi Ìjì sílẹ̀, ó rìn títí ó fi dé ibi tí wọn kò kọ nǹkan sí, ó dúró. Bàbá mi fi ìka kan gíláàsì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

"A ti délé," ló wí.